Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún títì tó gba ẹ̀gbẹ́ Ọjà Igbó kọjá ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ọ̀nà tóóró kan máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn yóò sì fi kọnkéré là á sọ́tọ̀ kí mọ́tò má baà kàn wọ́n. Ẹni tó wá ṣàlàyé fún wa nípàdé gbé àwòrán àwọn òyìnbó tó ń gun kẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi wá. Jíìpù ni òun gbé wá.

Nínú gbogbo àwa tí a pàtẹ́wọ́, bàbá mi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn lọ sọ́jà, òun náà ni wọ́n ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún tó ṣáájú, ọlọ́kadà kan gbá wọn sínú gọ́tà, ìgbọ̀nwọ́ wọn sì yẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní kẹ̀kẹ́ ti parí. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí títì tuntun parí ná.

"Ó dáa. Bó bá parí, tí ẹ ò lè gùn ún dé ọjà kí ẹ sì padà láìfarapa, mo máa gbé e fún àwọn tó ń bá yín ṣọ́ oko. Ẹ má bínú sí mi o."

Ibi tí èmi ti wọ ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn tó ń ṣe títì ní kí n bá àwọn kọ Yorùbá sára pátákó tí yóò wà lẹ́nu ọ̀nà náà. Mo gboyè nínú èdè Yorùbá ní yunifásítì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí ní nǹkan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ronú. Mo wá kọ ọ́: Ọ̀NÀ KẸ̀KẸ́ NÌKAN. Wọ́n yìn mí, èmi náà sì gbà pé ó tọ́ sí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí títì, bàbá mi ti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà méjèèjì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a débẹ̀, Márúwá ló kún ọ̀nà náà dẹ́nu, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n tò bí àgbò ọjà iléyá, wọ́n ń pe èrò.

Mo lọ bá alága ẹgbẹ́ àwọn oní-Márúwá. "Alága, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tiyín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ wo pátákó."

Ó fẹ̀sọ̀ kà á sókè. "Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ nìkan. Bùrọ̀dá, bí ẹ bá dúró létí títì tí ẹ fẹ́ wọ tiwa, kí lẹ máa ń pè?"

Mo tún yíjú wo pátákó náà.

"Ṣebí 'Kẹ̀kẹ́!' lẹ máa ń pè? Àbí ẹ máa ń ní 'Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, dákun dúró'?" Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó kọ nǹkan yìí, Ọlọ́run á bá wa bù kún un."

"Àmín o!" ni ọ̀kan nínú wọn ké. "Á dé Mẹ́kà!"

Mo ní èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, ó wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá mi yíjú sí mi. "Kí ló dé tí o ò kọ kẹ̀kẹ́ ológeere? Ohun tí à ń pè é kí a tó bí ẹ nìyẹn."

"Mo rò ó, sà. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti gbó."

"Èmi náà ti gbó. Mo ṣì ń jáde."

Ẹ̀gbọ́n mi ti na ọwọ́ sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Alága rí i, ó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bàbá sọ fún un pé bí àwọn ò bá gùn ún dé ọjà lónìí, ẹ̀gbọ́n mi máa gbà á lọ́wọ́ àwọn. Ojú alága yí padà. Kò sí oní-Márúwá tí wọn ò tíì gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

"Wọ́n fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ bàbá?" Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ kó tiyín kúrò níbẹ̀, ó yá! Ológeere ni wọ́n fẹ́ kọ. Tiwa, jágajàga ló ń lọ, ṣé ó geere ni?"

Bí bàbá ṣe gun kẹ̀kẹ́ lọ, mo sáré ra ọ̀dà. Ààyè kò sí mọ́ lára pátákó, mo bá fún OLOGEERE mọ́ abẹ́ bí ẹni tó pẹ́ dé ibi ìkómọ. Alága dúró tì mí.

"Ẹ ò fi àmì ohùn sí i," ló wí.

Mo fi àmì sí i.

Bàbá padà dé pẹ̀lú iṣu méjì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ ìgbọ̀nwọ́ wọn wò, ó wo orúnkún wọn, ó wo ọ̀nà náà títí. Kò rí nǹkan kan.

"Ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ yín lọ sílé," ló wí. "Òjò ti ṣú."