Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mi Nídìí Orin Wákà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ẹni tí a jọ ń kọrin. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Aránṣọ ni ní Adja-Ouèrè, èmi sì ń fún epo pupa ní Ikpinlè. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó ní agbègbè wa, tàbí tí ẹnì kan bá ti Mẹ́kà dé, wọ́n á ránṣẹ́ pè wá pé ká wá kọ wákà. Àwa méjì péré ni, pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan. Òun ló ń lé orin, èmi ni mò ń gbè é.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé iṣẹ́ ẹni tó ń gbe orin kò le. Ó le. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń kí ìyá ìyàwó, mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò ti mí, kí n gba orin lẹ́nu rẹ̀ kó má baà já. Ọdún mẹ́rìnlá la fi ṣe é bẹ́ẹ̀ láìwo ojú ara wa.

Lọ́jọ́ kan a lọ kọrin níbi ìgbéyàwó kan ní Kpoulou. Ẹ̀gbọ́n mi lé orin, mo gbè é, àmọ́ ohùn wa kò bá ara mu. Mo sún ohùn mi sókè láti bá a, tirẹ̀ ti lọ síbòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá ìyàwó tẹrí ba. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé ẹnu mi ni ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́.

Nígbà tí a ń rìn padà láàárín oko àgbàdo, mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ara yín le?”

“Ara mi le,” ó ní. “Etí ló ń di. Ó ti tó ọdún kan. Ẹnu rẹ ni mo fi ń mọ ibi tí orin dé.”

Mo gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a gbé e títí a fi dé títì.

A lọ rí dókítà ní Àjàṣẹ́. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí lè jẹ́ kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láàárín èrò, ariwo lásán ni orin yóò máa jẹ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a délé, ó ní kí n wá ẹlòmíràn tí a ó jọ máa kọrin.

Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin ni. Kò sí ohun tó ṣe tó burú, àmọ́ kò dúró dè mí rí kí n gba orin lẹ́nu rẹ̀. Mi ò tún pè é mọ́.

Nígbà tí àgbàdo gbẹ, ẹ̀gbọ́n mi wá sí Ikpinlè láti bá mi yin ín. Ẹ̀yìn ń ro wá, la bá fẹ̀yìn ti ara wa lórí ẹní. Mi ò mọ̀ pé mo ti ń kun orin sábẹ́ ẹnu. Ó ṣàdéédé dáwọ́ dúró.

“Kí lò ń kọ yẹn?”

“Ṣé ẹ gbọ́ ọ ni?”

“Mi ò gbọ́ ọ. Ó ń dún nínú eegun ẹ̀yìn mi.”

Ó bá lé orin náà. Ohùn rẹ̀ bọ́ sórí tèmi gẹ́lẹ́. Àgbàdo jábọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ yíjú sí i, ó ní, “Má kúrò níbẹ̀. Má dákẹ́.”

Oṣù méjì la fi kọ́ ọ. A rí i pé ohùn ìsàlẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ti òkè kì í dé. Nítorí náà, èmi tí mò ń gbe orin ni mo wá ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Èmi á kùn ún wọ̀ ọ́ lára, òun á sì lé e.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Adja-Ouèrè la ti kọ́kọ́ ṣe é lójú èèyàn. A tọrọ bẹ́ǹṣì kan, a jókòó, a fẹ̀yìn ti ara wa. Bàbá arúgbó kan béèrè pé, “Ṣé ìjà ni wọ́n ń bá ara wọn jà ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ẹ̀gbọ́n mi yóò dìde. Kò dìde. Ó mí, mo mọ̀ ọ́n lára, mo sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá ọmọ fi ń nu ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, nítorí ibi tí wọ́n ti ń se ìrẹsì ni èmi kọjú sí.

Etí ọ̀tún rẹ̀ ti di pátápátá báyìí, dókítà sì ní tòsì náà kò ní pẹ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó máa ń gun alùpùpù wá bá mi, a sì ń kọ́ orin tuntun, àwọn èyí tí ohùn ìsàlẹ̀ pọ̀ nínú wọn. Bí mo bá ṣi orin kọ, á fi ẹ̀yìn tì mí díẹ̀, èmi á sì tún un bẹ̀rẹ̀.