Ogójì Àpò Eléso

Tí ẹ bá rí ṣòkòtò tó gún régé lẹ́sẹ̀ ọkùnrin kan ní àdúgbò wa, ẹ má wulẹ̀ bèèrè, èmi ni mo rán an. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo tú ẹ̀wù bàbá mi palẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo wo bí wọ́n ṣe gé e, kí oòrùn tó wọ̀, mo ti rán òmíràn tó dára jù ú lọ. Nítorí náà, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń gé, tí wọ́n ń ká, tí wọ́n sì ń pa etí rẹ̀ dé, kí ẹ fetí sí mi dáadáa. Ìtàn àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Kòsinmi.

Ọdún mọ́kànlá ni Kòsinmi fi fọ àwo ní ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ kan. Tí a bá to àwo tó fọ̀ níbẹ̀ léra wọn, wọn á kan òṣùpá, wọn á tún ṣẹ́kù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìyá àgbà kan, àjèjì láti òkèèrè, ti máa ń ṣe àpò: ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí aṣọ, tí wọ́n bu ẹran lílọ̀ sí láàárín, tí wọ́n pa etí rẹ̀ dé, tí wọ́n sì fi ooru omi sè. Ọwọ́ Kòsinmi ń fọ àwo, ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá náà. Nígbà tí ìyá yẹn fẹ̀yìn tì, tí tábìlì rẹ̀ ṣófo, Kòsinmi lọ bá ọ̀gá ìdáná.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gba tábìlì yẹn. Àmọ́ èso ni màá máa fi sínú tèmi. Máńgòrò, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Èso kẹ̀? Kòsinmi, ọṣẹ àwo ti wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ."

"Ẹ dán mi wò."

"Ó dáa. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ogójì. Tí ẹyọ kan péré nínú tìẹ bá bẹ́, má dárúkọ tábìlì yẹn fún mi mọ́ láéláé. Ìdí àwo lo máa wà títí wàá fi fẹ̀yìn tì."

Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ó dé ilé mi, kò tíì bọ́ bàtà tó ti ń po ìyẹ̀fun. Ìgò òfìfo ló fi tẹ́ ẹ lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ó rẹ́ èso wẹ́wẹ́, ó bù ú sí i, ó pa á dé, ó tò ó sínú abọ́ oníhò, ó gbé e ka orí omi tó ń hó. Nígbà tó ṣí ìdérí, ohun tó wà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú korobá.

"Etí rẹ̀ ni," mo ní. "Ìṣẹ́tí kan ò tó. Ṣẹ́ ẹ ní ìlọ́po mẹ́ta, bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò."

Ó gbọ́ tèmi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlọ́po mẹ́ta. Wọ́n bẹ́. Ọjọ́rú, ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n tún bẹ́, etí wọn sì le bí awọ bàtà. Èmi ni mo jẹ èyí tó bàjẹ́, wọ́n tó igba, inú ò run mí.

"Sinmi díẹ̀ ná," mo wí fún un.

"Ṣé orúkọ mi nìyẹn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú rẹ̀ wà digbí. Ti máńgòrò rọ̀ díẹ̀. Ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló di ẹrẹ̀. Ó fi ìka tẹ ọ̀kan tí kò tíì gbé kaná rárá, ìka náà wọlé lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó. Kì í ṣe ojú rírán ló ń tú. Aṣọ gan-an ló ń rà."

Ohun tí mo fẹ́ sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn, ó kàn yára jù mí lọ ni.

"Ẹ rántí bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó ṣe máa ń jẹ wá láhọ́n nígbà tá a wà ní kékeré?" ó ní. "Àmọ́ tí ìyá wa bá ti sè é, kì í jẹ wá mọ́."

Ó gbé páànù kaná. Ó fi iná jẹ́jẹ́ ro èso náà títí omi rẹ̀ fi gbẹ, tó ki bí oyin, ó sì jẹ́ kó tutù. Ó ṣe máńgòrò náà bẹ́ẹ̀. Ó padà sí ìṣẹ́tí ẹyọ kan ti ìyá àgbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí díẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó se ogún. Kò sí èyí tó bẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo kó aṣọ ìdáná tuntun tí wọ́n ní kí n rán lọ síbẹ̀. Mo bá Kòsinmi nídìí tábìlì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó yípadà láti lọ bu omi. Ìyẹ̀fun kan ṣẹ́kù sílẹ̀, ó tẹ́jú, ó ń wò mí. Èso tó sè ti tán nínú abọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù wà lórí pátákó. Mo bù ú sí i, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, ìṣẹ́tí tó rẹwà jù lọ láyé, mo sì fi í sáàárín àwọn yòókù.

Ọ̀sán pọ́n. Ọ̀gá dé pẹ̀lú ṣíbí gbọọrọ rẹ̀, ó ṣí ìdérí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó dé ọgbọ̀n, ó dá kíkà dúró.

"Kòsinmi, ọ̀kan bẹ́."

Kòsinmi ò bẹ̀bẹ̀, kò fọwọ́ lérí.

"Ẹ kà á tán, Ọ̀gá."

"Mo ní ọ̀kan bẹ́!"

"Mo gbọ́. Ẹ kà á tán."

Ó kà á tán. Ogójì wà lódindi, èyí tó bẹ́ ṣe ìkọkànlélógójì.

"Ogójì lẹ ní kí n ṣe, ogójì ni mo ṣe. Ẹ wo etí ìyẹn. Ṣé etí tèmi nìyẹn?"

Ọ̀gá fi ṣíbí yí i. Ó wo ìlọ́po mẹ́ta náà. Ó wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó wọ̀, èyí tí mo rán fún un lọ́dún tó kọjá. Ó wá gbójú sókè wò mí.

"Bàbá Télọ̀!"

Mo wúkọ́. "Ooru igun yẹn ló pọ̀ jù."

Ẹ̀rín bú jáde. Ọ̀gá mú àpò kan, ti máńgòrò, ó jẹ ẹ́. Ó mú ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ó tún mú òmíràn.

"Ta ló wá máa fọ àwo báyìí?" ó ní.

Kòsinmi tú ọ̀rá tó máa ń so mọ́ àyà tó bá ń fọ àwo, ó fi kọ́ ìṣó, ó sì mú ọ̀kan nínú aṣọ ìdáná tí mo rán, ó wọ̀ ọ́. Ó bá a mu rẹ́gí.

Tí mo bá yà sídìí tábìlì rẹ̀ báyìí, ọ̀bẹ ló máa ń fún mi, pé kí n máa bó máńgòrò, kí n má sì sún mọ́ ìyẹ̀fun. Mo ń bó o. Èèpo tí mo bá bó, ó fẹ́lẹ́ débi pé ẹ lè gbé e síwájú ojú kí ẹ fi kàwé.