Ẹ̀wù Àbúrò Mi Ní Yàrá Ìfọṣọ

Mo gbé ìborùn ìyàwó mi olóògbé símú lónìí, nílé wa ní Bowie, ni ọ̀sán kan nígbà èwe mi ní Oxon Hill bá sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀wù àbúrò mi jòjòló ń sọnù ní yàrá ìfọṣọ. Lọ́sàn-án yẹn, nínú ooru àti òórùn ọṣẹ, a ká aládùúgbò wa mọ́ ibẹ̀, ó gbé ẹ̀wù ọmọ tó ṣì gbóná símú.

“Mọ́mì, olè náà rèé! Ẹ pe ọlọ́pàá!”

Màmá wo ojú obìnrin náà títí, ó sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

“Àǹtí, ẹ bá mi gbé e, kí n ráyè ká aṣọ.”

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé ó ti sin ọmọ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, èmi ò fọkàn tán an. Mo di ẹsẹ̀ àbúrò mi mú gírígírí títí Màmá fi ká aṣọ tán.