Ọjọ́ Tí Mo Dá Ìlẹ̀kẹ̀ Dáódù Padà

Ọjọ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ ààfin dé ọrùn ọmọ mi ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé. Bọ́lájí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́fà ni, ó sì kù díẹ̀ kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Kàbbà.

A ń to iṣu wa lọ́jà nígbà tí ìránṣẹ́ kan dé, tí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn. Gbogbo wa mọ̀ pé ọmọbìnrin tí ọba bá fi ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sí lọ́rùn ti di ìyàwó ọba.

“Okun o, Ìyá Bọ́lájí,” ni ìránṣẹ́ náà kí mi. “Dáódù ló rán mi.”

Dáódù, àkọ́bí ọba, ti dúró de oyè bàbá rẹ̀ títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Àwọn ènìyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé, wọ́n sì ń dọ̀bálẹ̀ fún un níta.

Bọ́lájí bú sẹ́kún. Mo bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà, mo fi lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́.

“Ọba nìkan ló ń fi èyí fẹ́yàwó. Àbí ọba ti wàjà tí a kò gbọ́?”

“Ẹ rọra o! Òun náà á jọba lọ́la.”

“Kí ó jọba ná!” ni ìyá elépo kan kígbe. Ọjà bú sẹ́rìn-ín, ìránṣẹ́ sì yára lọ.

Èmi fúnra mi ni mo mú Bọ́lájí wọ lọ́rì Kàbbà. Dáódù ti jọba báyìí, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i bí gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ọkọ tí ó wu ọmọ mi ni ó fẹ́.