Nígbà Tí Rísí Kọ Oorun Ọ̀sán

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a sin ìyá mi ni mo rí i pé nǹkan ń ṣe Rísí, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyá mi ló máa ń sùn tì í lọ́sàn-án nígbà ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi tẹ́ ẹní fún un, ó ní kó sùn. Rísí wo ẹní náà, ó fara ti ògiri, ó sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. A pè é, kò dáhùn. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tó mọ orúkọ gbogbo oníbàárà mi ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ní Ifọ̀!

Mo ní ó ń ṣàárò ni, yóò kọjá. Kò kọjá. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sọ̀rọ̀, kò dùbúlẹ̀. Orí ìjókòó ni oorun máa ń gbé e lọ, yóò sì ta gìrì jí. Egungun ìhà rẹ̀ yọ síta. Àwọn aládùúgbò ní ìyá mi ló ń pè é. Mo lé oníbàárà kan jáde nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ká má purọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ náà máa kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Láwọn ọdún 1970 yẹn, bọ̀lẹ́kájà la wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan l'Abẹ́òkúta. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi kan àtàrí. Dókítà yẹ ọ̀fun, etí àti ahọ́n rẹ̀ wò, ó ní kò sí èyí tó ń ṣe é níbẹ̀. Ó ní ìpayà ló pa á lẹ́nu mọ́: ọmọ kékeré lè rí ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ká, gbogbo ara rẹ̀ á wá máa ṣọ́ ohun náà. Ó ní ká máa gbé e wá ṣeré lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà kan ní gbogbo ọjọ́ Àtàláátà. Eré kẹ̀? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Màmá Nọ́ọ̀sì da yanrìn odò sínú páànù fífẹ̀ kan. Èmi fi àjákù aṣọ rán ọmọláńgidi. Wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á máa pa ìtàn fún Rísí, òun á máa fọwọ́ ro yanrìn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó gbẹ́ ihò, ó tẹ́ ọmọláńgidi sí i, ó da yanrìn bò ó. Ó hú u, ó nu ojú rẹ̀, ó fẹ́ ẹnu sí i. Ó tún bò ó.

Ìyàwó mi fò dìde. "Ká má rí i! Ṣé ìsìnkú ni wọ́n fi ń ṣeré ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá Rísí." Màmá Nọ́ọ̀sì ń bá ìtàn wọn lọ: "Ìyá àgbà náà rìn títí, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n bá dùbúlẹ̀, wọ́n sùn…"

Rísí di ọwọ́ wọn mú. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn! Wọ́n máa da yẹ̀pẹ̀ sí wọn lójú!"

Ohùn ọmọ mi rèé. Inú mi dùn, ojú sì tì mí. Èmi ni mo sọ fún un lọ́jọ́ ìsìnkú pé ìyá àgbà sùn, bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ fún ọmọdé. A lé àwọn ọmọ wọlé ká tó sin wọ́n sẹ́yìn ilé; àṣé Rísí yọjú lójú fèrèsé, ó rí wa tí à ń fi ṣọ́bìrì da yẹ̀pẹ̀ lé ẹni tó ń sùn.

Mo jókòó ti páànù náà. "Rísí, mo ṣì í sọ. Ìyá àgbà ò sùn, wọ́n kú ni. Ẹni tó bá kú ò ní jí, nǹkan kan ò sì lè dùn ún mọ́. A kọ́kọ́ to pákó bò wọ́n. Yẹ̀pẹ̀ ò kàn wọ́n lójú."

Ó hú ọmọláńgidi náà jáde. "Ẹni tó bá sùn ńkọ́?"

"Á jí. Bí ò bá jí, màá jí i."

Mo yọ ìṣáná lápò fún un. Ó to igi rẹ̀ lé ọmọláńgidi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọra da yanrìn lé e. Kò hú u mọ́.

Kì í ṣe ọjọ́ náà ni gbogbo rẹ̀ tán o. Ọ̀rọ̀ ń jáde ní méjì mẹ́ta, ó ń kólòlò díẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín bá ṣe báyìí, ẹ ní sùúrù, ẹ sì ronú ohun tí ẹ sọ fún un. Ara ọmọdé kì í gbàgbé ohun tó yé e sódì. Ọlọ́run kẹ́ Màmá Nọ́ọ̀sì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, à ń dúró de ọkọ̀ Ifọ̀ ní gáréèjì lọ́sàn-án. Rísí gbé orí lé itan mi, ó nà gbọọrọ, ó sùn. Ọkọ̀ kún, ó lọ. Òmíràn kún, ó lọ. Ìyàwó mi wò mí, mo mi orí pé ká má jí i. Pajápajá mú mi lẹ́sẹ̀, n kò mira. Ọmọ mi ń hanrun bí àgbàlagbà, èmi sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mò ń sunkún.