Kepueli Ní Kí Gbogbo Erékùṣù Pa Iná

Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ohùn Kepueli ọkọ mi, orí fóònù ni, láti Nukuʻalofa, olú ìlú Tonga wa. Ó ní, "Ìyá Lesieli, èmi ni mo ṣàṣìṣe." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?" Látọjọ́ tí mo ti délé rẹ̀, n kò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ Lesieli ọmọ wa ló fà á. Ó fẹ́ ṣègbéyàwó ní Auckland lókè òkun, baba rẹ̀ sì búra pé òun yóò to gbogbo fídíò ìgbà èwe rẹ̀ pọ̀ kí àlejò wò ó. Kọ̀ǹpútà wa ti gbó. Ó ra ọpọlọ tuntun fún un, ó ra káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, ṣùgbọ́n àpótí tó ń bu iná fún gbogbo wọn nínú, ti àtijọ́ ló fi sílẹ̀. Bó bá ti fọwọ́ kan fídíò báyìí, kọ̀ǹpútà á kú fin-ín.

Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo erékùṣù wa jọ ń lò. Bí ẹnì kan bá ń lọ aṣọ, aládùúgbò á pa gílóòbù. Kepueli bá ní àwa la ń jẹ iná mọ́ òun lọ́wọ́. Ó pa gílóòbù ilé. Ó pa fáànù lórí ìyá rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kú, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá náà tẹ̀ lé e.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ Fusi lọ, tó ń ta ẹran àgùntàn.

"Fusi, jọ̀ọ́, pa fìríìsà rẹ."

"Kí ẹran mi jẹrà nítorí fídíò?"

"Nítorí Lesieli ni."

"Kepu, bó bá rùn, ìwọ ni mo máa gé tà."

Fusi pa á. Pásítọ̀ pa makirofóònù láàárín ìwàásù ìrọ̀lẹ́, ìjọ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Kepueli. Ó tẹ bọ́tìnì. Kọ̀ǹpútà tàn, a pàtẹ́wọ́, ó kú.

ʻIsileli àbúrò mi, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Nukuʻalofa, pè é. "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà wo ló wà lára àpótí yẹn?"

"Ọ̀ọ́dúnrún wáàtì."

"Àwọn ẹ̀yà tuntun yẹn ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ báà pa iná Tonga lápapọ̀, igbá kékeré ò lè bu omi ju ara rẹ̀ lọ."

"Níbi tí iná ti pọ̀ lo ń gbé. Kí lo mọ̀ nípa iná?"

Kepueli pa fóònù, ó gbé àpótí náà lé òṣùwọ̀n ẹja, ó ní kí n wá wo bó ṣe wúwo. Mo ní òkúta ẹ̀yìnkùlé náà wúwo, kò tan iná fún wa rí.

Ìgbà tí àpótí ń rùn bí irun ẹlẹ́dẹ̀ tí iná jó ló tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ra òmíràn ní Nukuʻalofa. Ibẹ̀ ló ti pè mí. Ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní èbúté kó tó wọkọ̀ bọ̀ wálé. Ọkọ̀ kan náà ló gbé òkú rẹ̀ àti àpótí tuntun dé.

Alágídí, olórí kunkun, ọkọ mi. Nítorí ọmọ rẹ̀ ló ṣe ń dààmú gbogbo wa.

ʻIsileli ti fi àpótí náà sí i, kọ̀ǹpútà sì ń ṣiṣẹ́. Mo wo fídíò náà. Lesieli ń kọ́ ìrìn lórí iyanrìn, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ wá bá ẹni tó gbé kámẹ́rà. Ibẹ̀ ni baba rẹ̀ tò ó dé. Ìgbéyàwó ń bọ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì, gbogbo ìyókù ṣì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.