Ọ̀gá Mi àti Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Mpape

Ọ̀gá mi obìnrin ní yàrá àyẹ̀wò wa l'Ábújá kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan láì kọ́kọ́ gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ síbi fèrèsé, kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ń wá maikiro-RNA, àwọn ohun tíntìntín tó ń bá ẹ̀jẹ̀ kiri, bóyá wọ́n lè tètè ta wá lólobó pé iṣan ọkàn ti ń dí.

Lọ́jọ́ kan, ó rí i pé omi orí ẹ̀jẹ̀ bàbá afọ́kùúta kan láti Mpape pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, dípò kó ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀jẹ̀ náà ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, èsì rẹ̀ kò ní í jẹ́ òótọ́.

Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká lò ó bẹ́ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹni tí wọ́n bá fi èsì yìí tọ́jú lọ́la ni."

Èmi àti ọ̀gá gun òkè Mpape. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá náà, ó tọrọ àforíjì, ó sì bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ mìíràn.

"Ṣé yóò wo àyà tó ń dùn mí sàn?"

"Rárá, Bàbá. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló lè ṣe láǹfààní."

Mo rò pé yóò lé wa. Ńṣe ni bàbá náà ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

"Yauwa, ó dára. Òótọ́ lo bá mi sọ. Wá gbà á, ọmọ mi."

Orí ìkúnlẹ̀ náà ni ọ̀gá mi ti gbà á.